Ohùn Tó Pe Àlàó

Ohùn kan pe ọkọ mi látinú kọ̀ǹpútà géèmù rẹ̀, ó sì dáhùn.

Èmi ni mo tò ó fún un. Mo nu gbogbo ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kó pamọ́ sórí háádì díráìfù tòkunbọ̀ rẹ̀ kúrò pátápátá, mo sì mú kí kọ̀ǹpútà náà máa sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ.

Iná lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n fáànù inú kọ̀ǹpútà náà ṣì ń yí.

“Àlàó,” ohùn obìnrin kan pè látinú rẹ̀. Èmi nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

“Ìyá Ṣọlá, ìwọ kọ́ nìyẹn?” ọkọ mi bi mí.

“Ṣé ẹnu mi ṣí ni? Ẹ má dáhùn!”

“Àlàó,” ohùn náà tún pè.

“Hùn, ìfẹ́ mi.”

Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi ìbínú fa háádì náà yọ.

Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi ò lóhùn mọ́. Bí mo bá pè é, inú háádì náà ló ti ń dáhùn, pẹ̀lú ẹ̀rín obìnrin.