Kò Bàjẹ́ Rí

Ilé wẹ́dà kan tó ń jó irin pọ̀ kùnà àyẹ̀wò iná ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Obìnrin tó ti ọ́fíìsì iná wá yẹ̀ ẹ́ wò wọ gbogbo yàrá pẹ̀lú tẹ́sítà lọ́wọ́; kò jókòó, kò gba omi. Nígbà tó parí, ó to nǹkan mọ́kànlá sórí ìwé kan, ó sì nà án sí wẹ́dà.

"Ẹ tún wọn ṣe. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tó bàjẹ́, ohun tó bà á jẹ́ àti ẹni tó tún un ṣe. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí onílé sì fọwọ́ sí i. Bí mo bá dé lọ́jọ́ Ẹtì tí ìwé náà ò pé, mo máa gé iná ilé, mo máa gé ti ṣọ́ọ̀bù."

Bí iná ṣọ́ọ̀bù bá lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn. Wẹ́dà dúró títí obìnrin náà fi jáde ní géètì. Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó gbá a létí, orí ìyàwó sì lu ògiri.

"Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún un."

"Ẹ má bínú," ni ìyàwó wí.

Ó ti lo ọdún mẹ́ta nílé náà. Ìkọ̀wé rẹ̀ gún régé, nítorí náà òun ni wẹ́dà ní kó máa kọ ìwé náà.

Lọ́jọ́ kejì, oníṣẹ́ iná dé, bàbá àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá ń tú, ó ń dè. Ìyàwó ń ya fọ́tò, ó ń kọ. Wẹ́dà dúró tì wọ́n, ó ń pe ohun tí wọn yóò kọ.

Suwíìsì yàrá ti là sí méjì. Èjìká ìyàwó ló là á, lọ́jọ́ tí ọbẹ̀ jóná.

"Kọ pé ó gbó."

Ó kọ ọ́.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná ti wọnú ògiri lọ. Àpótí irin ni wẹ́dà jù sí ìyàwó lọ́jọ́ náà. Ìyàwó yẹrí, ògiri ló gbà á.

"Kọ pé òjò ló bà á jẹ́."

Ó kọ ọ́.

Nígbà tí bàbá ṣí àpótí mítà, ó bá irun obìnrin níbi tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti ya, ìdì kan, tòun ti ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Ó wo ìyàwó. Ìyàwó wo ilẹ̀.

"Ọ̀gá," ni bàbá wí, "ọmọ èèyàn kì í ṣe irin o."

"Bàbá, iná lẹ wá ṣe." Wẹ́dà gbé òòlù rẹ̀, ó ń fi lu àtẹ́lẹwọ́. "Àbí ẹ fẹ́ kí n tún ẹ̀yin náà ṣe?"

Bàbá tẹ orí ba, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ó ku balùwẹ̀ nìkan. Níwájú rẹ̀, obìnrin aṣàyẹ̀wò kò kọ pé nǹkan kan bàjẹ́. Ohun tó kọ ni pé kí onílé ṣàlàyé wáyà ibẹ̀.

"Ó yẹ kí wọ́n fọ́ táìlì ara ògiri yìí," ni ìyàwó wí jẹ́ẹ́. "Ó jọ pé wáyà rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́."

Wẹ́dà lè gbọ́ èébú baba rẹ̀ kó dákẹ́, àmọ́ kì í gbọ́ èébú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó já tọ́ọ̀ṣì gbà lọ́wọ́ bàbá, ó fi gbá ìyàwó lẹ́nu. Eyín kan já sínú báàsìnì. Ìyàwó di etí báàsìnì náà mú títí òòyì fi lọ lójú rẹ̀. Ó fi ìró nu ẹnu, ó sì mú bíírò rẹ̀ padà.

"Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fa wáyà yìí lọ́jọ́ tí mo kọ́lé," ni wẹ́dà wí, ó ń mí hẹlẹ. "Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà. Iná ibí yìí ò lè pa eèrà."

"Ṣé kí n kọ ọ́ pé kò bàjẹ́ rí?"

"Kọ ọ́. Kọ ti eèrà náà sí i."

Bàbá ti tẹ́sítà bọ gbogbo ibẹ̀, ó tú suwíìsì, ó wo inú rẹ̀. "Òótọ́ ni," ló wí. "Wáyà àkọ́kọ́ náà ni. Kò bó, kò já." Òun náà fọwọ́ sí i.

Ẹ̀jẹ̀ ti kán sórí ìwé. Wẹ́dà ní kí ìyàwó da gbogbo rẹ̀ kọ sórí òmíràn. Nígbà tó kọ ọ́ tán, wẹ́dà fọwọ́ sí i nígbà mọ́kànlá, ó tẹ bíírò mọ́ ọn gidi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, obìnrin náà padà dé. Ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ka ìlà tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí eléyìí?"

"Èmi náà ni, màdáàmù."

Obìnrin náà wo ẹnu ìyàwó tó wú, ó ká ìwé sínú báàgì. "Ilé yín yege," ló wí.

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín, ó sìn ín dé géètì. Ó padà sídìí irin rẹ̀, ó ń fẹnu súfèé. Ìyàwó dúró lójú fèrèsé títí obìnrin náà fi kọjá ọ́fíìsì iná láìyà síbẹ̀, tó sì wọ àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìwé mìíràn tí wẹ́dà fọwọ́ sí ti wà ní àgọ́ náà láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, èyí tó sọ pé wáyà tó bó nínú balùwẹ̀ ló gbé ìyàwó òun àkọ́kọ́, tó sì pa á.