Ẹ̀wà Ẹnu Ọ̀nà

Màmá Orímisàn jí, ó rí àmì pupa lára ewé ẹ̀wà ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àmì yìí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti bàjẹ́; ilé tí ewé rẹ̀ bá ní in kò gbọdọ̀ dáná títí oòrùn yóò fi wọ̀. Kíá, ó já gbogbo ewé náà sọnù, ó sì dáná sábẹ́ ẹja tó fẹ́ yan.

Wolé-wolé dé. "Ẹ kú atẹ́gùn o, Màmá. Ewé yín dà?"

"Ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ jàre."

"Èéfín ìlú ńlá tún ti gba orí omi dé, oòrùn sì ń sè é. Ẹ má fi tiyín kún un o."

"Èéfín kẹ̀? Afẹ́fẹ́ tòní mọ́ gaara!"

Ni ewúrẹ́ bá wúkọ́ lẹ́yìnkùlé. Màmá fẹ́ bá a wí, ni ikọ́ bá gba ọ̀rọ̀ mọ́ òun náà lẹ́nu. Wolé-wolé bu omi fún un. Màmá mu díẹ̀, ó da ìyókù sí iná.