Ọwọ́ Ìyá Lórí Ọmọ

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ìbídùn ń lọ ilé ọkọ, ìbọ̀wọ́ irin, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń bá ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ ọ̀tún tí rọpárọsẹ̀ mú, ń ki ìyá bí ìṣe rẹ̀: "Àyọ̀ká, ọlọ́wọ́ tútù bí omi àfòwúrọ̀pọn, ẹ gbéra!"

Ìbídùn kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ gbọ́wọ́ lé mi lórí, kí ẹ súre fún mi."

Kíá ni ẹ̀rọ gbé ọwọ́ náà sókè.

"Sọ ọ́ kalẹ̀!" ni ìyá wí. "Ṣé ìwọ lo bí i ni?"

Ẹ̀rọ yọwọ́. Ìyá dá ọwọ́ gbé. Ó gòkè díẹ̀, ó dúró.

"Kò tíì dé orí, mà," ni ẹ̀rọ wí.

"Dákẹ́, aláṣejù! Bí ọwọ́ ò bá tó orí, orí a máa tẹ̀ wá bá ọwọ́."

Ìbídùn tẹrí ba títí orí rẹ̀ fi kan ìka ìyá.

"Olúwa á ṣíwájú rẹ."

Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ṣe àmín.