Orin Tó Fi Nu Bẹ̀rẹ̀

Lékan ti tó ẹni tí í gbéyàwó, ìyá rẹ̀ sì ti bá a rí ìyàwó. Muminat lorúkọ rẹ̀, ọmọ àwọn ará Flossmoor, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe. Ohun tó kù ni kí Lékan lọ wò ó. Lékan kò lọ.

Chatham ní Chicago ni òun àti ìyá rẹ̀, Àlhájà Sàdíátù, ń gbé. Bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́ ní Bolingbrook, inú mọ́tò níwájú ilé ló máa ń jókòó sí, á gbé gíláàsì sókè, á máa kọrin sínú fóònù. Orin àwọn ará Japan ni. Eré kan wà lórí fóònù náà tó ń da àwọn akọrin Chicago pọ̀ ní méjì méjì. Lóṣooṣù, eré náà á mú sílébù kan jáde, bíi Ka tàbí Mo, àwọn méjèèjì á sì máa kọ orin Japan tí orúkọ rẹ̀ bá fi sílébù yẹn bẹ̀rẹ̀, títí orin á fi tán lẹ́nu wọn. Ohùn ẹnikẹ́ni kì í jáde bó ṣe rí. Eré náà ń sọ gbogbo ohùn di ti ọmọ ológbò.

Ẹni tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ Lékan ń jẹ́ Tsuru. Lékan kò rí i rí. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin ni Tsuru ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òtútù máa ń mú un ní orúnkún. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, Tsuru á dá orin dúró, á ní òun ń bọ̀, á sì padà wá láìpẹ́. Nígbà tí táyà Lékan bẹ́ lójú ọ̀nà, Tsuru ló tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni pé òun ló fi ìṣó gún un. Lékan ní àwọn ará Japan mọ ẹ̀kọ́ ilé púpọ̀.

Lóṣù yìí, Nu ló jáde. Orin tó fi Nu bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀, kò sì pẹ́ tó fi tán lẹ́nu Lékan. Ó rò pé wọ́n ti fìdí rẹmi nìyẹn, àfi bí Tsuru ṣe gbé òmíràn dìde tí kò gbọ́ rí: Nureta Kutsu, Bàtà Tó Rin. Ẹnì kan ló rìn nínú yìnyín títí bàtà rẹ̀ fi gba omi, bàtà náà wá ń dá a lóhùn ní gbogbo ìṣísẹ̀: pícha-pícha, pícha-pícha. Lékan rẹ́rìn-ín títí orí rẹ̀ fi tẹ fèrè mọ́tò.

Ó béèrè ibi tí Tsuru ti rí orin náà.

Tsuru fèsì pé, "Èmi ni mo ṣe é, nígbà tí mò ń rìn bọ̀ láti ibùdókọ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n láyé."

Lékan sáré wọlé.

"Màmí, mo ti rí ẹni tí mo máa fẹ́!"

Àlhájà Sàdíátù ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́. "Ọmọ ta ni?"

"Mi ò tíì mọ̀, mà. Tsuru ló ń jẹ́. Orúkọ ẹyẹ ni, lédè Japan."

"Mo bá ẹ rí èèyàn, ìwọ lọ bá mi rí ẹyẹ." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Muminat ńkọ́? Ilé gidi ni wọ́n ti bí i. Bàbá ẹ̀ gbé Japan yìí náà rí, mọ́tò ló ń rà níbẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó, kó tó..."

Ṣùgbọ́n Lékan ti ki nǹkan bọ etí, orin ló ń gbọ́.

Ó ro ẹjọ́ ìyá rẹ̀ fún Tsuru. Kò lè sọ ti ọkàn rẹ̀ mọ́ ọn. Tsuru dáhùn pé, "Má ba ìyá rẹ nínú jẹ́. Lọ wo ọmọ náà. Ojú lọ̀rọ̀ wà." Omi lé ròrò sójú Lékan. Ó ní Tsuru ti yááfì òun.

Nítorí náà ló ṣe lọ. Ní ọjọ́ Sunday, òun àti ìyá rẹ̀ jókòó sí pálọ̀ ní Flossmoor. Àlhájà Ràhmát, ìyá Muminat, gbé ṣinṣín àti omi tútù síwájú wọn.

"Muminat ń bọ̀ báyìí," ló wí.

Lékan ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu, bó ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní dun ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti ṣí omi lókè, ohùn tín-ín-rín kan sì gba inú omi náà jáde.

"Pícha-pícha, pícha-pícha..."

Lékan fò dìde. "Ta ló ń kọrin yẹn, mà?"

"Má bínú, ọmọ mi. Ariwo ilé wa nìyẹn. Bí omi bá ti lè dà báyìí, a ò ní gbádùn."

"Mo gbà!" ni Lékan ké. "Màmí, mo gbà! Mo gbà!"

"O ò tíì rí i!"

"A ti mọra tipẹ́, mà!"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sójú kápẹ́ẹ̀tì, ó kojú sí àtẹ̀gùn, ó gbe orin náà láti ìsàlẹ̀. Ẹni òkè ti omi pa. Lẹ́yìn náà ló gbè é padà, ó pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ìyá méjèèjì dì mọ́ra wọn, wọ́n ń fò sókè. Àlhájà Sàdíátù ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìwó, ó ń ké "Alihamudulilahi!" sí i létí.

Ilẹ̀kùn ìta ṣí. Ọmọbìnrin kan wọlé pẹ̀lú àpò ọjà, yìnyín wà lórí ìbòrí rẹ̀. Ó wo ọkùnrin tó nà sílẹ̀.

"Mọ́mì, ta nìyí?"

"Muminat, ọkọ ẹ ni!"

Orin náà kò dúró, ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn ní ìlà kọ̀ọ̀kan, títí Àlhájì Sàláhúdéènì, bàbá Muminat, fi yọ pẹ̀lú omi àlùwàlá tó ń kán nínú irùngbọ̀n funfun rẹ̀, tó na ọwọ́ méjèèjì sí Lékan, tó sì sọ pé, "Dìde, àna mi."