Ẹ Má Kúrò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tírọ́lì

Ọjọ́ Ẹtì ni olùkọ́ àwọn ìbejì ń pín ìwé náà fún àwọn òbí lẹ́nu géètì. Ojú ewé kan ṣoṣo ni. Ìmọ̀ràn márùn-ún ló wà níbẹ̀, lórí ohun tí òbí lè ṣe tí ọmọ kékeré kò fi ní rìn jìnnà sí i, tí kò sì ní dójú tì í, nínú ilé ìtajà. Nígbà tó kan aránṣọ, ìyá wọn, olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní tirẹ̀ ò pọn dandan, nítorí àwọn ìbejì kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní kíláàsì. Aránṣọ ní kó ṣáà fún òun.

Ó ní ìdí. Ní Sátidé tó ṣáájú, wọ́n ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ fún odidi ogójì ìṣẹ́jú. Ó wá inú ilé ìtajà títí, kó tó rí wọn ní òdìkejì títì, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé fún awakọ̀ kan tí wọn ò mọ̀ rí pé òrùlé ilé àwọn ń jò. Máníjà ilé ìtajà pè é sí kọ̀rọ̀, ó ní tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kó máa dá wá. Kò sì lè máa dá wá. Tó bá fi wọ́n sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ Sátidé, wọn yóò kọjú sí ògiri, wọn ò ní fẹnu kan oúnjẹ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tẹ̀ lé ìwé náà bí ẹni ń tẹ̀ lé ìwọ̀n aṣọ. Ìwé ní kí wọ́n kọ́kọ́ yó. Ó fún wọn ní búrẹ́dì àti ẹyin, ó sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán. Ìwé ní kí wọ́n tọ̀ kí wọ́n tó jáde. Wọ́n ní ìtọ̀ ò gbọ̀n àwọn. Ó ní kí wọ́n ṣáà wọlé lọ, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó so okùn bàtà wọn, ó ta á ní kókó méjì. Ọkọ rẹ̀, tó tú fáànù palẹ̀ sí pálọ̀, gbójú sókè, ó ní kí wọ́n má dà á láàmú o. Wọ́n ṣèlérí.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà, ó dúró, ó wò wọ́n lójú bí ìwé ṣe wí.

"Ẹ gbọ́ o. Ẹ má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírọ́lì. Ẹ má fọwọ́ kan ohun tí a ò fẹ́ rà. Ẹ má sì já nǹkan kan jẹ kí a tó sanwó. Tí ẹ bá gbọ́ràn, a máa ra áìsìkiriìmù tí a bá ń jáde."

Wọ́n bi í bóyá àwọn lè mú èyí tó ní ṣokoléètì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìmọ̀ràn kẹrin ni pé kí ó fún wọn níṣẹ́. Ó gbé ìwé ọjà àti bírò lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n máa fa ilà sí ohun tí wọ́n bá ti mú. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ wọn. Ọṣẹ, wọ́n fa ilà. Ìrẹsì, ilà. Iyọ̀, wọ́n fa ilà méjì. Aránṣọ ń rọra rìn kí ẹsẹ̀ wọn lè bá tirẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn lọ kí wọ́n má baà rí pẹpẹ súwíìtì. Obìnrin kan, tí ọmọ tirẹ̀ nà gbalaja sílẹ̀ tó ń ké, wo aránṣọ tìlaratìlara. Inú aránṣọ dùn dénú.

Ìdí bọ́tìnnì ló ti ṣàṣìṣe. Oníbàárà rẹ̀ kan fẹ́ bọ́tìnnì elésè àlùkò, oríṣi méjì ló sì wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ jọra. Ó gbé méjèèjì síbi ìmọ́lẹ̀, ó ń wò wọ́n. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tó máa fi yíjú padà, tírọ́lì nìkan ló dúró. Ìwé ọjà wà lórí ìrẹsì, wọ́n sì ti kọ áìsìkiriìmù kún un nísàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó ń gbọ̀n.

Títì ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, lẹ́yìn náà awakọ̀ yẹn. Ó fi tírọ́lì sílẹ̀, ó sáré. Wọn ò sí níbi súwíìtì. Wọn ò sí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ń wá ẹni tí yóò bá a kéde nígbà tó gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́.

Wọ́n wà lórí kẹ̀kẹ́ pupa kan tí ilé ìtajà pàtẹ, wọ́n ń tẹ agogo rẹ̀ láìsinmi. Bisikíìtì tí wọ́n ti já wà lápò wọn, ṣokoléètì wà ní ètè wọn. Ẹ̀rín ń pa àwọn oníbàárà tó dúró yí kẹ̀kẹ́ náà ká. Gáàdì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wọn, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Máníjà ti ń bọ̀.

"Kí ni mo sọ kí á tó wọlé?" ni aránṣọ bi wọ́n.

Wọ́n wo bàtà wọn. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ mọ̀ bóyá agogo náà ń dún ni.

Máníjà la ẹnu láti sọ̀rọ̀, wọ́n sì na bisikíìtì kan sí i. Ó wò ó, ó gbà á. Ó sọ fún aránṣọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù.

Ìmọ̀ràn karùn-ún sọ ọ́ kedere pé tí wọ́n bá rú òfin, kò gbọdọ̀ sí ẹ̀bùn. Wọ́n dúró níwájú àpótí áìsìkiriìmù, wọ́n kàn yíjú wò ó. Ó mọ ìwò yẹn dáadáa. Ó máa ń rí i nínú dígí. Ó rà á. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bùn o, oòrùn ló mú kí òun rà á. Ó di ọwọ́ wọn mú títí dé ilé, kò sì tú u sílẹ̀ bí ṣokoléètì ṣe ń yọ́ sí i láàárín ìka.

Kí ó tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, àwọn ìbejì ti ṣí i láti inú, èyí ẹ̀gbọ́n gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọra bi í létí pé, "Màámi, ṣé Bàbá àgbà gbọ́ràn lónìí?"