Ilé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Sùn sí ní Tolley Creek

Verlyn Haugen kò lè gba ìfìdírẹmi mọ́ra. Àléébù tó ba ayé rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Òun ni olùkọ́ ìjàkadì ní ilé ẹ̀kọ́ girama Tolley Creek, ìlú kékeré kan láàárín oko àgbàdo ní Iowa. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá ọ̀kan lára àwọn ọmọ tó ń kọ́ lórí ẹní ìjàkadì, kì í béèrè bóyá ó farapa. Ńṣe ni yóò yíjú kúrò lára rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Lọ́dọọdún ni ilé ẹ̀kọ́ girama tí àwọn àlùfáà dá sílẹ̀ ní ìlú ńlá ń gba ife ẹ̀yẹ mọ́ wọn lọ́wọ́. Owó gọbọi ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá mọ ìjàkadì jà dáadáa kì í san án. Verlyn a máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ìrẹ́jẹ ni. Òótọ́ ló sì sọ. Àmọ́ kì í ṣe pé ó fẹ́ kí ìrẹ́jẹ náà dópin. Ó fẹ́ kí òun náà rí ẹni rẹ́ jẹ ni.

Òfin ìpínlẹ̀ náà gba ọmọ láyè láti fi ilé ẹ̀kọ́ ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ti ìlú mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n tí àwọn òbí ọmọ náà kò bá kó lọ sí ìlú tuntun ọ̀hún, ó gbọ́dọ̀ fi ọdún kan jókòó kó tó lè bá wọn díje. Verlyn wá ọgbọ́n ta sí i. Ilé tí ìyá rẹ̀ kú fi sílẹ̀ ní Tolley Creek ṣófo. Ó ní kí àwọn òbí Brody Kessel, ọmọ ìlú kejì tó ń dá gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, sọ pé ibẹ̀ làwọn kó wá. Wọ́n ta aṣọ sí fèrèsé, wọ́n gbé àga méjì wọlé, wọ́n sì ń sùn nílé wọn bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nínú ìjàkadì, ọmọ kan ṣoṣo ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń jà fún ìwọ̀n ìwúwo kan. Caleb Dvorak, ọmọ Tolley Creek gan-an, ló ń jà tẹ́lẹ̀ fún ìwọ̀n tí Brody wà. Láti kékeré ló ti ń làágùn lórí ẹní yẹn. Verlyn pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Brody ló máa jà nípò ẹ lọ́dún yìí.”

“Kóòṣì, ọdún tí mo máa jáde rèé.”

“Mo mọ̀. O lè máa bá wa gbé omi.”

“Ẹ jẹ́ kí n bá a jà ná. Tó bá dá mi, mo gbà.”

“Mi ò ráyè ìyẹn.”

Caleb bọ́ bàtà ìjàkadì rẹ̀, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó lọ sílé.

Iwájú ilé àwọn Dvorak ni ilé òfìfo náà wà. Joleen, ìyá Caleb, ń wò ó láràárọ̀. Nígbà tó pàdé Verlyn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó rọra bi í pé kí ló dé tí iná kì í tàn nílé ìyá rẹ̀. Verlyn rẹ́rìn-ín, ó ní kó má jẹ́ kí ìlara fọ́ ọ lójú. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ obìnrin náà lára. Lọ́jọ́ kejì ló pe àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá àwọn ilé ẹ̀kọ́.

Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní, Tolley Creek ti dá gbogbo ìlú tó yí wọn ká, wọ́n sì ti dá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà pẹ̀lú. Ìdíje ńlá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ fún Verlyn láàárọ̀ ọjọ́ kan pé àwọn ará àjọ náà ti wà lọ́nà, ilé Brody ni wọ́n fẹ́ rí.  Verlyn fa Brody jáde ní kíláàsì, wọ́n sáré wọ ọkọ̀.

Yìnyín bo àgbàlá ilé náà títí dé ẹnu ọ̀nà, láìsí ipa ẹsẹ̀ kankan. Ó ní kí Brody máa sáré lọ, kó máa sáré bọ̀, kó lè dà bí ibi tí èèyàn ń rìn. Òun fúnra rẹ̀ wọlé, ó ń tan iná, ó ń fọwọ́ rú bẹ́ẹ̀dì.  Ó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó gbọ́ tí ọkọ̀ dúró níta.

Ìyá àgbà kan láti àjọ náà, tó ń jẹ́ Ruth Ann Pells, ló wọlé pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀, Brody sì tẹ̀ lé wọn. Ìyá àgbà náà kò tú ilé wò. Ó jókòó ní ilé ìdáná tòun ti ẹ̀wù òtútù lọ́rùn, èémí gbogbo wọn ń rú bí èéfín.

“Ọmọ mi, jọ̀ọ́ bá mi bu omi mu.”

Brody yí ẹnu ẹ̀rọ. Kò sí nǹkan kan. Ó yí èkejì, òun náà gbẹ. Omi ti dì gbagidi nínú páìpù, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù, kò sí ẹni tó tan ẹ̀rọ amúlégbóná nínú ilé náà. Verlyn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé òtútù àná ló fà á. Obìnrin náà kò wo ojú rẹ̀.

“Brody, níbo lo sùn lánàá?”

Ọmọ náà wo olùkọ́ rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

“Ilé wa, mà. Mi ò sùn síbí rí. Kóòṣì ló ní ká sọ bẹ́ẹ̀.”

Àjọ náà fagi lé gbogbo ìjà tí Tolley Creek ti borí. Wọ́n ní kí Brody jókòó fún ọdún kan gbáko, yunifásítì kan tó ti ń wá a kiri kó lè wá jà fún wọn sì yísẹ̀ padà. Àwọn ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa irọ́ náà pàdánù ife tí wọ́n ti ń fi òógùn lé. Ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lé Verlyn, wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ tẹ gbọ̀ngàn ìjàkadì mọ́.

Wọ́n pe Caleb padà kó lè jà fúnra rẹ̀ nínú ìdíje ńlá náà. Lọ́jọ́ ìdíje, Verlyn jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ níta gbọ̀ngàn, ó ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Ọmọ náà jà títí, wọ́n fi àmì kan ṣoṣo borí rẹ̀. Ariwo àtẹ́wọ́ wá gba rédíò náà kan, gbogbo Tolley Creek dìde fún ọmọ wọn, àtẹ́wọ́ náà kò sì tètè dáwọ́ dúró. Verlyn nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ó pa rédíò, kò sì rí ibì kankan tí ó fẹ́ wa ọkọ̀ náà lọ.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Verlyn kọ́ wa lọ́gbọ́n. Kò sí ohun tó burú nínú kí òfin gba ọmọ láyè láti wá ilé ẹ̀kọ́ tó dára lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti là nípasẹ̀ rẹ̀. Ohun tó burú ni kí àgbàlagbà lo òfin náà láti ti ọmọ mìíràn síta láìfún un láyè láti gbìyànjú. Bí àwọn kan bá rẹ́ wa jẹ, ẹ jẹ́ ká pariwo rẹ̀ síta, ká má ṣe lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ká sì rántí pé bí a bá kọ́ ọmọ ní irọ́ torí ife, ọmọ náà ló máa jìyà rẹ̀ pẹ̀lú wa.