Àwọn Tó Gba Ẹ̀yìn Wọ̀lú

Ẹnu ibodè ni gbogbo èèyàn kọjú sí. Wọ́n ti ta rìbọ́ọ̀nù pupa sáàárín òpó méjì ní gbàgede ìlú àtijọ́. Àwọn afunfèrè ti gbé fèrè sẹ́nu. Alága ìdíje dúró lórí àpótí, ó na àsíá sókè, ó tẹjú mọ́ abẹ́ ibodè olókùúta tí àwọn eléré kẹ̀kẹ́ máa ń gbà yọ lọ́dọọdún.

Ẹ̀yìn ni wọ́n gbà yọ.

Ẹni àkọ́kọ́ ti já rìbọ́ọ̀nù kí alága tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dé. Ẹni kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ gun kẹ̀kẹ́ wọ inú fèrè. Àwọn tó kù ya dé bí eéṣú, ewé àgbàdo há sí akoto wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Alága bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí. “Ta ló dán èyí wò? Ta ló darí wọn gba ọ̀nà oko? Ọ̀nà tí ìgbìmọ̀ ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì!”

Olùdarí ọ̀nà ló ń bi léèrè. Ọkùnrin yìí ló máa ń ri pátákó ọlọ́fà mọ́ gbogbo oríta, láti ibi tí eré ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ìlú àtijọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ọ̀gá Ọfà. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, pátákó rẹ̀ kan kò sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà rí.

Ó kọ́kọ́ yíjú sí ẹni tó gbégbá orókè. “Ṣé kò sẹ́ni tó ṣubú? Kòtò ẹ̀gbẹ́ ọgbà adìyẹ yẹn ńkọ́?”

“Kòtò wo, ọ̀gá? Pẹrẹsẹ ni ibẹ̀ rí.”

“Ọpẹ́ ni f’Ọ́lọ́run.”

“Ẹ fi ọpẹ́ sílẹ̀ ná,” ni alága wí. “Ẹlẹ́fẹ̀ ni, àbí ta ni? Bó bá jẹ́ òun ni, kò ní jókòó sí oríta yẹn mọ́. Lónìí yìí ni yóò kó ẹrù rẹ̀.”

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni Ẹlẹ́fẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkè ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, níbi tí ọ̀nà oko ti ya kúrò lára títì. Kò sí ẹni tí kò ní kọ́kọ́ rántí rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó kọ “Ìparí” sára aṣọ kan, ó gbé e kọ́ iwájú ìsọ̀, àwọn eléré bíi mélòó kan sì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń sunkún ayọ̀.

Ọ̀gá Ọfà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó gba àárín àwọn ilé olókùúta tó fún mọ́ra, ó jáde lábẹ́ ibodè, ó sì jẹ́ kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbé e lọ títí ó fi dé oríta. Ẹlẹ́fẹ̀ ń ri rọ́bà tayà sínú omi, ó ń wá ibi tó ti jò. Ọfà pátákó ṣì kọjú sí ọ̀nà oko.

“Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n gba ẹ̀yìn yọ sí alága.”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.”

“Mi ò rẹ́rìn-ín o. Bí ẹnu mi ṣe rí nìyẹn.”

“Ó ní ìwọ ni.”

“Èmi kẹ̀? Tó bá jẹ́ èmi ni, ṣé mo lè dákẹ́ di ìsinsìnyí? Ikùn mi á ti bẹ́!”

“Ó ní kó o kó ẹrù rẹ kúrò níbí lónìí.”

Ẹlẹ́fẹ̀ jọ̀wọ́ rọ́bà sínú omi. Ó wo àwọn tayà tó so kọ́ òrùlé, ó wo àga rẹ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Ibí ni mo ti ń bọ́ ọmọ, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ n sọ ẹni tí mo rí láàárọ̀ fún—”

“Pa ẹnu mọ́. Ìgbà wo ni ìwọ kì í rí nǹkan?”

Ọ̀gá Ọfà mi pátákó náà. Kò mì. Ó fa á tu, ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e lé èjìká, ó sì gun òkè padà.

Alága ṣì wà ní gbàgede, ó ká apá mọ́yà.

“Afẹ́fẹ́ ni,” ni Ọ̀gá Ọfà wí.

“Afẹ́fẹ́?”

“Mi ò rì í jinlẹ̀ tó. Ẹ̀bi mi ni. Bí ẹ bá máa lé ẹnikẹ́ni, èmi ni kí ẹ lé. Ẹ fi Ẹlẹ́fẹ̀ sílẹ̀.”

Alága wò ó láti òkè délẹ̀. Kó tó la ẹnu, ẹni tó gbégbá orókè dá sí i. “Alága, ẹ má lé ẹnì kankan. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́, mi ò gba ọ̀nà tó dùn tó báyìí rí. Ẹ ò rí bí ẹ ṣe fò sókè nígbà tí a yọ lẹ́yìn yín ni?”

Afunfèrè kan bú sẹ́rìn-ín. Alága gbìyànjú láti fajú ro, kò ṣeé ṣe.

“Ẹlẹ́fẹ̀ lè dúró,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Ìwọ náà, máa ṣiṣẹ́ rẹ lọ. Ṣùgbọ́n kí afẹ́fẹ́ yẹn má tún fẹ́ mọ́ o.”

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Ọ̀gá Ọfà gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà oko. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri ilé kan lẹ́bàá oko àgbàdo, ó sì wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Ìyá àgbàlagbà kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e dé ìta mọ́, jókòó lórí ibùsùn tí wọ́n sún mọ́ fèrèsé.

“Ọmọ mi, gbogbo wọn ló gba iwájú mi kọjá,” ni ìyá náà wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, “ṣùgbọ́n bó o bá tún máa yí pátákó yẹn lọ́dún tó ń bọ̀, jọ̀wọ́, sọ fún wọn kí wọ́n rọra sáré, kí n lè rójú wọn dáadáa.”